Àga Tó Kan Martha

Obìnrin tó ni ìtàn yìí ní kí n yí orúkọ òun padà kí n tó gbé e jáde. Mo ti yí i padà. Ó ní mo lè dárúkọ ìlú, mo lè sọ iṣẹ́ tí òun ń ṣe, mo lè sọ gbogbo ohun tí òun fi ẹnu òun dá sílẹ̀, àfi orúkọ nìkan. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má wulẹ̀ máa wá a kiri Kábà. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu ara yín ná.

A ó pè é ní Martha Bámigbóyè. Ọmọ Mọ̀pà ni, Kábà ló lọ́kọ sí. Àjọ Ọ̀nà Oko ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti kúrò nílé ìwé, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba tó ń tún àwọn ọ̀nà táwọn àgbẹ̀ fi ń kó iṣu àti kajú wọ ọjà ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ bí akọ̀wé kékeré, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di igbákejì ọ̀gá àgbà.

Ní ọ́fíìsì yẹn, bí oyè ìdílé ni wọ́n ṣe ń ṣe ipò ọ̀gá. Oyè kì í fo ilé tó kàn. Bí ọ̀gá àgbà bá fẹ̀yìn tì, ẹni tó tẹ̀ lé e á bọ́ sórí àga, ẹnikẹ́ni kì í bi í pé kí lo mọ̀. Martha ti sin ọ̀gá bíi mélòó kan kọjá. Ó ti bá wọn gbé fáìlì, ó ti bá wọn sọ fún àlejò pé wọn ò sí nílé nígbà tí wọ́n wà nínú yàrá. Nígbà tí ọ̀gá ìkẹyìn wá ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀ pé Martha ló kàn.

Àṣìṣe rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé ó jẹ́ kí wọ́n bá òun yọ̀ ṣáájú. Àwọn ìyá ìjọ ti ń pè é ní Dárẹ́kítọ̀. Michael, ọkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ti kó ẹbí jọ, wọ́n ti gún iyán, wọ́n ti gbàdúrà ìdúpẹ́. Iyán tí ẹbí bá sì ti jẹ sórí ipò, kò ṣeé pọ̀ padà.

Àfi bí ìròyìn ṣe dé láti Lọ́kọ́ja pé ìjọba ti yí ọwọ́ padà. Kò sí ọ̀rọ̀ pé ta ló kàn mọ́. Gbogbo igbákejì ọ̀gá tó jẹ́ ọmọ ẹkùn náà, ì báà ti pẹ́ lórí ipò, ì báà jẹ́ àná ló débẹ̀, ni yóò jọ díje. Wọ́n á ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n á wá jókòó níwájú ìgbìmọ̀, olórí ẹbí wọn á sì jẹ́rìí pé ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n. Ẹni tó bá mókè ló ni àga.

"Haba!" ni Martha kígbe. "Ẹni tó ti tò láti àárọ̀, ni wọ́n ní kó tún padà sẹ́yìn?"

Josiah, olórí ẹ̀ka ìṣàkóso, ló mú ìròyìn náà wá bá a. Ọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀ ni Josiah.

"Màmá, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìjọba òde òní, aṣọ ni wọ́n ń wò o. Wọn ò béèrè àkísà."

Ọmọdé tó láṣọ náà kò jìnnà. Ayọ̀kẹ́mi ni orúkọ rẹ̀.

Ayọ̀kẹ́mi jẹ́ ẹnjiníà, òun ni olórí ẹ̀ka tó ń wọn ọ̀nà, kò sì pẹ́ rárá tí wọ́n sọ òun náà di igbákejì ọ̀gá. Ṣùgbọ́n kó tó di ẹnjiníà, ọmọ Martha ni. Kì í ṣe pé Martha ló bí i. Miriam, ọ̀rẹ́ Martha láti ìgbà ọmọge, ló bí i fún Bàbá Isaiah, àgbẹ̀ kan ní Kábà níbẹ̀. Ọmọ náà wà ní ilé ìwé girama nígbà tí àìsàn mú Miriam lọ. Láti ọjọ́ náà, Martha ló ń rán aṣọ ọdún fún un, Martha ló tẹ̀ lé e lọ sí yunifásítì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun náà ló jókòó sí àyè ìyá ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. "Iye" ni ọmọ ń pe ìyá rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Iye náà ni Ayọ̀kẹ́mi ń pe Martha, nílé, lọ́nà àti lójú gbogbo òṣìṣẹ́.

Ní ọjọ́ kejì ìròyìn yẹn, Ayọ̀kẹ́mi wọ yàrá Martha, ó sì kúnlẹ̀, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn lọ́dọ̀ wọn.

"Okun o, Iye."

"Okun, ọmọ mi. Kí ló dé tó o kúnlẹ̀ bí ẹni fẹ́ yá owó?"

"Iye, mo fẹ́ díje. Bí ẹ bá ní kí n má díje, mi ò ní díje. Ẹ̀yin lẹ kàn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ti ní kí gbogbo wa wá, mo fẹ́ mọ ibi tí agbára mi dé."

Kí ni Martha ì bá wí? Bó bá ní kó má lọ, wọ́n á ní ẹ̀rù ń bà á. Ó sì fẹ́ràn ọmọ náà, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ká a mọ́. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Lọ. Ẹni tó bá mókè nínú àwa méjèèjì, ilé kan náà la ó gbé e wọ̀."

"Àmín, Iye. Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n máa kọ́ yín ní kọ̀ǹpútà nígbà náà. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló máa borí yín."

Ẹ gbọ́ nǹkan tí ọmọ yẹn sọ. Mo béèrè lọ́wọ́ Martha lẹ́ẹ̀mejì bóyá bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́ lóòótọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Martha bẹ̀rù kọ̀ǹpútà bí ẹni bẹ̀rù ejò. Gbogbo ohun tó bá ní í tẹ̀, akọ̀wé rẹ̀ ló ń bá a tẹ̀ ẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, táwọn òṣìṣẹ́ bá ti ń túká, Ayọ̀kẹ́mi á fa àga tì í, á gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀ lórí máòsì, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lórí ṣọ́ọ̀kì.

"Ẹ rọra, Iye. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń gúnyán."

"Ìwọ náà, o ò rí i pé ó ń sá fún mi ni?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí tí ọlọ́dẹ á fi wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ Martha ń balẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé àwọn ìbéèrè tí wọ́n fi ń dánra wò, ohun tí òun ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́ ni. Wọ́n kàn kó o sínú ẹ̀rọ ni.

Inú rẹ̀ ì bá dùn. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè kan náà, kọ̀ǹpútà wọn kọjú síra. Martha ṣì ń ka èyí àkọ́kọ́ lẹ́nu nígbà tí Ayọ̀kẹ́mi na ara, tó yán, tó sì gbé ìgò omi mu. Ó ti parí. Martha wo ọrùn ọmọ náà bó ṣe ń gbé omi mì. Ó sọ fún mi pé àárín ìgbà yẹn ni nǹkan kan wọ inú òun. Òun ti bu omi fún ọrùn yẹn láti kékeré, òun wá jókòó tì í, òun ń bínú sí i.

Nígbà tó délé, Michael náà kò ràn án lọ́wọ́.

"Wọ́n ní ọmọ Miriam á gbà á mọ́ ọ lọ́wọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ìlú. Martha, ojú wo la ó fi wo àwọn tó jẹ iyán wa?"

Kò sùn dáadáa. Ìgbà yẹn ló rántí ohun kan tí kò tíì fi ọkàn sí láti ọdún gbọọrọ.

Ní ìgbà tí wọ́n ń la ọ̀nà ńlá kọjá lẹ́bàá Kábà, ọmọge ni òun àti Miriam. Àwọn àlejò tó ń wọn ilẹ̀ pọ̀ nílùú nígbà náà, ọ̀kan nínú wọn sì fún Miriam lóyún, ó bá iṣẹ́ lọ, kò padà wá mọ́. Isaiah, tó ti ń fẹ́ Miriam láti ọjọ́ pípẹ́, ló ní òun á gbé e níyàwó pẹ̀lú oyún náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìdí ọlọ ni Miriam ti sọ ọ́ fún Martha, àwọn méjì péré, tí wọ́n ń lọ ata. Ó ní, "Mo sọ ọ́ fún ọ nítorí pé ó wúwo fún mi. Má jẹ́ kó jáde lẹ́nu rẹ láé."

Kò jáde. Títí di ọ̀sẹ̀ tí à ń sọ yìí.

Ọ̀dọ̀ Josiah ni wọ́n ti ń ṣètò fún ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja. Martha lọ síbẹ̀ pé òun fẹ́ mọ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun á wá jẹ́rìí. Ó gba ọjọ́. Ó yẹ kó dìde, kò dìde.

"Ẹ̀yin Josiah, àwọn olórí ẹbí yìí, ṣé ẹ ń bi wọ́n léèrè dáadáa?"

"Bíi báwo, Màmá?"

"Bíi ti Ayọ̀kẹ́mi. Ẹ béèrè ilé bàbá ẹ̀ dáadáa."

Josiah rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. "Ilé Bàbá Isaiah? Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe é nǹkan kan. Mo kàn ní kẹ́ ẹ béèrè ni."

"Màmá. Àbí Bàbá Isaiah kọ́ ló bí i ni?"

Martha dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ́kọ, tẹ́ ẹ ti láya, ẹ mọ irú ìdákẹ́ tí mò ń wí. Ó fi ọwọ́ tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó dìde, ó ní, "Mi ò sọ nǹkan kan o." Títí di òní olónìí, ó ṣì ń sọ ọ́ pé òun ò sọ nǹkan kan. Lóòótọ́, kò sọ ọ́. Ó kàn ṣí ilẹ̀kùn fún un ni, ọ̀rọ̀ náà sì mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń dákẹ́ bí Ayọ̀kẹ́mi bá wọlé. Wọ́n ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, Martha jáde pẹ̀lú ìdùnnú, ó mọ̀ pé òun gbìyànjú. Ayọ̀kẹ́mi dì mọ́ ọn níta gbangba.

"Iye, mo rí yín! Ẹ ń tẹ̀ ẹ́ bí ọ̀dọ́!"

Lẹ́yìn náà, ó fa Martha sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Iye, kí ni wọ́n ń sọ nípa mi? Tí mo bá wọlé, wọ́n á wo ilẹ̀. Ṣé mo ṣe nǹkan ni?"

"Má dá wọn lóhùn," ni Martha wí. "Ìlara ni."

Ó ní ẹnu òun korò lẹ́yìn tí òun sọ ọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ló sáré lọ bá Josiah.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ wo, Màmá?"

"Èyí tí mo sọ."

"Ṣé ẹ sọ nǹkan ni? Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò sọ nǹkan kan." Ó tún rẹ́rìn-ín. "Ó ti dé etí ìgbìmọ̀. Kò sí lọ́wọ́ mi mọ́."

Martha jáde, ó kọrí sọ́nà ọjà. Ta ló tún pàdé bí kò ṣe Bàbá Isaiah, tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀ láti oko. Bàbá dúró, ó ṣí fìlà.

"Okun o, Martha. A à tíì dúpẹ́ tó lọ́wọ́ rẹ lórí ọmọ wa. Ó ní ẹ jọ ń kàwé. Miriam á máa rí yín níbi tó wà."

Martha fẹ́ sọ ọ́ fún un lójú ọ̀nà níbẹ̀. Bó bá sọ ọ́, bóyá wọn ì bá rí i dí. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin tó rò pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀? Ohun tó rò nìyẹn. Ó rò pé Isaiah kò mọ̀ pé Miriam sọ ọ́ fún òun. Ó ní, "Okun, Bàbá," ó sì kọjá.

Ọjọ́ ìgbìmọ̀ pé. Gbọ̀ngàn ìpàdé Àjọ Ọ̀nà Oko ni wọ́n lò. Alága ìgbìmọ̀, ọkùnrin kan tó ń wọ gíláàsì, jókòó láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Àwọn olùdíje àtàwọn olórí ẹbí wọn jókòó síwájú, àwọn òṣìṣẹ́ kún ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n Martha ti Mọ̀pà wá jẹ́rìí, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó. Ó wá kan Bàbá Isaiah.

"Bàbá, ta ni Ayọ̀kẹ́mi sí yín?"

"Ọmọ mi ni."

"A gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ta sí wa létí, ẹ má bínú pé à ń béèrè. Ṣé ẹ̀yin lẹ bí i?"

Ayọ̀kẹ́mi rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀ kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo fìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Martha ní ìgbà yẹn ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ó ti ro ti àga, ó ti ro ti Josiah, ó ti ro ti iyán tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ti jẹ. Kò ronú kan èyí rárá.

"Mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè," ni Bàbá Isaiah wí. "Èmi kọ́ ni mo fún ìyá rẹ̀ lóyún. Ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ níwájú gbogbo ilé bàbá mi, èmi ni mo pọ̀n ọ́n lọ sí oko nígbà tí igbóná mú ìyá rẹ̀. Ní ilẹ̀ Òwé tiwa ní Kábà yìí, ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ ló lọ́mọ. Bí òfin mìíràn bá wà ní Lọ́kọ́ja, ẹ kà á sí mi létí."

Alága yọ gíláàsì rẹ̀. "Kò sí òfin mìíràn, Bàbá. Ọmọ yín ni. Ó tó bẹ́ẹ̀."

Ẹ rí i báyìí. Òfófó náà kò ba nǹkan kan jẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ ni wọ́n pa á tì. Ibòmíràn ló ti pa èèyàn.

"Kò tíì tó," ni Bàbá Isaiah wí. "Èèyàn mẹ́ta ló mọ ọ̀rọ̀ yìí láyé. Èmi. Miriam, tó ti kú. Ẹni kẹta, Miriam ló sọ fún mi lórí ibùsùn àìsàn pé òun ti finú han ẹnì kan, pé kí n má bínú, pé ẹni náà kì í ṣe ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń jò. Ẹni náà wà nínú yàrá yìí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Kó ṣáà mọ̀ pé mo mọ̀."

Gbogbo gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ayọ̀kẹ́mi kò wo gbogbo gbọ̀ngàn. Ta ni ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀? Ta ni ìyá rẹ̀ ń sọ nǹkan fún? Ó yíjú sí Martha tààrà, ó wò ó, ó sì wá ń wò ó bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n ní rárá.

"Iye?" ló wí.

Martha wo ilẹ̀.

Ayọ̀kẹ́mi dìde. Ó ní, "Sà, mo yọwọ́ nínú ìdíje yìí."

"Kò sí ohun tó dí yín lọ́wọ́, Ẹnjiníà. Ẹ jókòó."

"Mo mọ̀, sà. Mo yọwọ́."

Ó gba àpò lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì dì í mú ní apá, wọ́n jáde.

Kò pẹ́ tí èsì dé. Martha ló mókè. Wọ́n gbé e wọ yàrá ọ̀gá àgbà, àwọn ìyá ìjọ kọrin, Michael wọ aṣọ funfun. Josiah dúró títí gbogbo wọn fi lọ, ó wá ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé kí ọmọ yẹn tó yọwọ́, ẹ̀yin lẹ ṣáájú? Èmi ni mo bá wọn kó èsì. Ìrírí yín ló gbé yín lékè, àní lórí kọ̀ǹpútà yẹn gan-an. Ta ló tiẹ̀ kọ́ yín?"

Martha di etí àga mú. Ipò náà kàn án. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bí oyè, òun ló kàn. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n díje, òun náà ni. Ọ̀nà méjèèjì ló já sí àga yẹn, òun ló wá gba inú igbó.

Josiah kò tíì parí. "Àga igbákejì tẹ́ ẹ dìde lórí ẹ̀ ṣófo báyìí. Ẹ má jẹ́ ká tún máa díje kiri, Màmá. Ẹ ṣáà sọ fún Lọ́kọ́ja pé èmi ló kàn. Ohun tí ẹ ò sọ yẹn, èmi náà ò ní sọ ọ́."

Láti ọjọ́ yẹn, Josiah kì í kan ilẹ̀kùn mọ́ kó tó wọlé.

Gbogbo ọ̀nà wá dí mọ́ Martha. Bó bá fi ipò sílẹ̀, wọ́n á béèrè ìdí. Bó bá fẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀, àgbà ni wọ́n ń mú dání lọ bẹ èèyàn nílẹ̀ wa. Kí ni yóò sọ fún àgbà pé òun ṣe? Ìlú kò mọ̀ pé òun ni, Bàbá Isaiah kò dárúkọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fura sí ẹlòmíràn, wọ́n tilẹ̀ ń ṣépè fún un lójú Martha, Martha ń wí pé àmín.

Ayọ̀kẹ́mi kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ì bá sàn. Àràárọ̀ ló ń wá kí ọ̀gá rẹ̀, ó ń kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ.

"Okun o, Mà."

Mà. Bí gbogbo òṣìṣẹ́ ṣe ń pè é. Àwọn tó wà nítòsí ò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Nígbà tí kò lè gbé e mọ́, Martha lọ sílé Bàbá Isaiah ní òun nìkan, láìmú àgbà kankan dání. Ó bá a níbi tó ti ń sá èso kajú. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, ẹkún gbà á.

"Dìde, jókòó," ni Bàbá wí. "Mo ti dárí jì ọ́ kó o tó dé. Mo ti dàgbà, mi ò lè gbé e kiri. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lo ṣẹ̀."

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, Bàbá."

"Kí n bá ọ bẹ̀ ẹ́? Èmi náà ṣì ń bẹ̀ ẹ́, Martha. Ó ń bi mí pé kí ló dé tí ẹlòmíràn fi mọ̀, tí òun ò mọ̀. Kí ni kí n fi dá a lóhùn?"

Wọ́n jókòó síbẹ̀, àwọn méjèèjì. Martha bẹ̀rẹ̀ sí í bá a yí èso kajú náà.

Ní ọjọ́ kejì, Josiah wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

"Màmá, ọ̀rọ̀ wa ńkọ́?"

"Ẹ lọ díje," ni Martha wí.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Josiah sọ̀rọ̀ kó tó rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n wá sọ ọ́?"

"Ẹ sọ ọ́. Ẹni tí mi ò fẹ́ kó mọ̀ ti mọ̀."

Josiah kò tíì sọ ọ́. Ó ń fi í pamọ́ fún ọjọ́ kan ni, Martha sì mọ̀. Bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, á fi ọwọ́ sílẹ̀ lórí ohun tó ń ṣe, á máa tẹ́tí.

Mo bi í pé kí ló wá fẹ́ kí n fi ìtàn yìí kọ́ èèyàn. Ó ní òun ò mọ̀. Ó wá sọ èyí tó gbẹ̀yìn yìí fún mi, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ó ní ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú èyí tó wá bá mi, òun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì ọ́fíìsì òun, òun fa wáyà kọ̀ǹpútà yọ. Òun wá ránṣẹ́ pe Ayọ̀kẹ́mi pé ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́, kó wá bá òun wò ó. Òun ti fa àga kan tì tòun sílẹ̀.

Ayọ̀kẹ́mi wọlé. Kò jókòó. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo abẹ́ tábìlì, ó rí wáyà náà nílẹ̀. Ó wo Martha. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki wáyà náà padà sí àyè rẹ̀, ó dúró títí iná kọ̀ǹpútà fi tàn.

"Ó ti ń ṣiṣẹ́," ló wí. "Okun o, Mà."

Ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.